Àwọn Òṣìṣẹ́ Mẹ́fà Tí Kò Sí

"Fọ́ọ̀mù ilé ìwé tó gbówó lórí jù nínú wọn, lílọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì mélòó ni?" Bàbá alágbàfọ̀ béèrè. Kò gbójú sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì adájọ́ kan ló wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì ń lọ, ó ń bọ̀, lórí ọrùn ẹ̀wù náà.

"Àádọ́jọ ṣẹ́ẹ̀tì, Bàbá," ọmọbìnrin rẹ̀ dá a lóhùn.

"Àádọ́jọ! Kí wọ́n tó mọ̀ bóyá o gbọ́n tàbí o gọ̀?"

"Kí wọ́n tó ṣí ìwé mi wò ni."

Ìyá rẹ̀ tó ń fún aṣọ lẹ́yìnkùlé ti gbọ́. Etí obìnrin yìí! Bí abẹ́rẹ́ bá jábọ́ ní òpópónà kejì, yóò sọ ibi tó yí sí. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín o," ó kígbe wọlé. "Bí wọn ò bá wá mú un ńkọ́? Ṣé wọ́n á dá ṣẹ́ẹ̀tì wa padà?"

"Wọn kì í dá a padà, Màmá."

"Wọ́n mà ríṣẹ́ ṣe o! Àwa tí a bá fi áyọ́ọ̀nù jó àpò ẹ̀wù lásán, a ó ra òmíràn fún oníbàárà. Oníṣirò, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba òṣìṣẹ́."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Oníṣirò ni wọ́n ń pe ọmọ náà láti kékeré, nítorí pé kò tíì ga tó tábìlì ìlọṣọ tó ti ń fi orí ro owó oníbàárà, láìka ìka ọwọ́ kan. Ìṣirò yẹn ló gbé e dé yunifásítì. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ló kà níbẹ̀, ipò kìíní ló sì mú jáde. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ ilé ìwé girama ló ń kọ́ ní ìṣirò lọ́sàn-án, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lókè òkun.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Fọ́ọ̀mù ní owó tirẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní owó tirẹ̀. Ìwé èsì tí yunifásítì yóò fi ránṣẹ́, kò ní bá ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀hún. Bí ilé ìwé bá wá mú èèyàn tán, òun náà ni yóò máa bọ́ ọ, tí yóò sì máa sanwó fún un lóṣooṣù bí òṣìṣẹ́. Inú ilé dùn, ẹnu ọ̀nà ló le. Nítorí pé bàbá rẹ̀ kò mọ owó òkè òkun, Oníṣirò sọ gbogbo rẹ̀ di ṣẹ́ẹ̀tì fún un: ilé ìwé mẹ́jọ, ìdánwò méjì, ìwé èsì mẹ́jọ. Nígbà tó ro ó pọ̀, bí gbogbo ọkùnrin àdúgbò tilẹ̀ ń bọ́ ẹ̀wù lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò lè tó o.

Bàbá rẹ̀ kò fòyà. Orin ló fi dáhùn, ìyá sì ń gbè é láti ẹ̀yìnkùlé:

*Fọ̀ ọ́ kó mọ́ o — kó mọ́!*
*Fún un kó gbẹ o — kó gbẹ!*
*Lọ̀ ọ́ kó dán o — kó dán!*
*Ọmọ mi á wọ̀ ọ́ lọ sókè òkun o — á lọ!*

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Oníṣirò lọ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọ ní yunifásítì. Ìwé ti gba gbogbo àga inú ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, àfi kó gbé òkìtì kan sílẹ̀ kí àlejò tó rí ibi jókòó. Ó wo ètò ìnáwó ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀tì! N kò rí ètò ìnáwó tó yé mi tó báyìí rí." Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Gbọ́, ọmọ mi. Àpò ìrànwọ́ kan wà lókè òkun. Àwọn ọmọ tí orí wọn pé tí ilé wọn ò sì lówó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ìdánwò, fọ́ọ̀mù, ìwé èsì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń san. Wọn ò béèrè ju òótọ́ lọ: iye tó ń wọlé nílé yín, yàrá tí ẹ ń gbé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìwọ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Má fi nǹkan kan bò o."

"Ẹ ṣé gan-an, sà."

"Má dúpẹ́ báyìí. Ọjọ́ tí o bá di ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tèmi ni kí o wá dúpẹ́, kí o sì bá mi gbé ìwé kúrò lórí àga."

Ọmọ náà ń fò bọ̀ wálé bí ẹyẹ ni. Àmọ́ ilé tó ń fò bọ̀ yìí, ó ní ìwà kan.

Ẹ wò ó, aṣọ oníbàárà ni wọ́n máa ń sá síta lórí okùn, níbi tí oòrùn ti ń tàn tí ayé ti ń rí i. Aṣọ tiwọn, inú yàrá ni wọ́n ń sá a, lórí irin ibùsùn, níbi tó ti ń kán sí wọn lórí bí wọ́n bá ń jẹun. Kí ló fà á? Àkísà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. "Ta ni yóò gbé aṣọ fún alágbàfọ̀ tí ara rẹ̀ wọ àkísà?" Bàbá á wí. Bí àwọn aládùúgbò bá béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, "A dúpẹ́" ni ìdáhùn, ìbáà jẹ́ omi nìkan ni wọ́n mu sùn. Láàárọ̀ gbogbo, bàbá á gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àṣírí àwọn tú. Oníṣirò ti ń ṣe àmín sí i kó tó mọ ohun tí àṣírí ń jẹ́.

Ó gbé fọ́ọ̀mù àpò ìrànwọ́ náà jáde lórí fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ. "Bàbá, èló ló ń wọlé fún wa lóṣù?"

Áyọ́ọ̀nù dúró. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni."

"Ṣé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ ni, tàbí kí wọ́n jókòó lókè òkun lọ́hùn-ún kí wọ́n máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀?" Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìdí rẹ̀ kó má jó aṣọ. "Kọ ọ́ pé ilé ìfọṣọ ni a ní. Kọ ọ́ pé a ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà."

"Mẹ́fà kẹ̀! Bàbá, níbo ni wọ́n wà?"

"Èmi ni mẹ́rin nínú wọn," ìyá rẹ̀ ké wọlé. "Bàbá ẹ ni ìkarùn-ún. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ìkẹfà, òun nìkan ló sì ń sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bàbá kò pẹ́. "Ìwọ lo kàwé, ọmọ mi. N kò ní dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Ohun tí o bá kọ, màá buwọ́ lù ú. Àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ojú tì mí ní ibi tí n kò dé rí."

Oníṣirò kọ òótọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀: ó kọ òótọ́. Ó kù kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wọlé ní ọjọ́ kejì.

Ọmọ Báńkì ni gbogbo kíláàsì ń pe ọ̀rẹ́ yìí, torí bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá báńkì. Òun náà fẹ́ lọ gboyè ọ̀mọ̀wé, ilé ìwé méjìlá ló sì ti sanwó fún, bí ẹni ra gúgúrú. Aṣọ bàbá rẹ̀ ló wá gbà. Bí Oníṣirò ṣe ń di aṣọ náà fún un, ó yọjú wo fóònù tó wà lórí tábìlì.

"Haa! Ọ̀rẹ́, fọ́ọ̀mù alágbe lò ń kọ yẹn?"

"Kì í ṣe ti alágbe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní kí n kọ ọ́."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní sọ fún ẹ pé gbogbo ilé ìwé ló ń mọ ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé. Ta ni yóò fún ẹni tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ní àga? Ẹni tó jọ ẹni ńlá ni wọ́n ń mú."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n." Ó gbá aṣọ mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó dàbọ̀ o, Aláàánú-ẹ-ṣe-mí-lóore! Bí wọ́n bá fún ẹ ní búrẹ́dì kún un, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ó lọ tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ojú Oníṣirò gbóná ju áyọ́ọ̀nù lọ. Kò sí ẹni tó mú ọwọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pa iye owó tòótọ́ rẹ́, tó kọ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye òṣìṣẹ́, ó kọ ẹyọ nọ́ńbà kan: mẹ́fà. Ó sì tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Kò ju oṣù kan lọ tí èsì fi dé. Ó kà á sókè fún àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n yìn ín fún orí pípé rẹ̀. Wọ́n ní inú àwọn dùn láti rí i pé owó tó ń wọlé nílé wọn ga ju ti àwọn tí àpò náà wà fún lọ, àti pé àwọn kí ìdílé náà kú oríire.

Bàbá alágbàfọ̀ fò sókè. "Ẹ gbọ́? Wọ́n ní a kì í ṣe tálákà! Láti òkè òkun ni wọ́n ti sọ ọ́!" Ó ti ṣe bí ẹní máa jó kó tó rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó rọra jókòó. "Ìyẹn ni pé... wọn ò ní san án?"

"Wọn ò ní san án, Bàbá."

"Kò sí wàhálà," ó wí. "Àwa náà ní ọwọ́."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí bàbá ń nù lálaalẹ́ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun, wọ́n tà á. Ìyá padà sídìí ọpọ́n. Kí wọ́n tó tà á tán, owó òkè òkun ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Kí Oníṣirò tó san ti ìdánwò, ó tún ti gun àkàbà. Ilé ìwé mẹ́jọ di márùn-ún, márùn-ún di mẹ́ta.

*Mo ní kí owó dúró díẹ̀,*
*Owó ní ọ̀nà òun jìn;*
*Mo ní kí owó jókòó jẹun,*
*Owó ní òun ti yó níbòmíràn.*

Ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí kò béèrè nípa ilé tó ti wá. Kí ni kó kọ? Bí ó bá kọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò fi wé ohun tó kọ sí àpò ìrànwọ́. Irọ́ kì í dá gbé. Bí ó bá wọlé sọ́dọ̀ èèyàn, yóò fẹ́yàwó, yóò bímọ, àwọn ọmọ yóò sì máa béèrè oúnjẹ. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà náà ló tún kọ, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilé ìwé àkọ́kọ́ ní rárá. Èkejì ní rárá. Ìkẹta mú un.

Áà, ẹ̀ bá rí ilé wọn lọ́jọ́ náà! Ìyá sáré láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọṣẹ lápá, ó gbá ọmọ mọ́ra, ọṣẹ rin ẹ̀wù ọmọ gbindingbindin. Bàbá ń pe ẹni tó ń kọjá lọ, "Ẹ bá mi yọ̀! Ọmọ mi di ọ̀mọ̀wé!" Orin ta, ijó ta. Oníṣirò nìkan ló ń kà á dé ìsàlẹ̀, bó sì ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń gbẹ.

"Kí ló dé?" ìyá rẹ̀ béèrè. "Kí ló kù níbẹ̀?"

"Wọ́n ní owó ìtọ́jú kò pọ̀ lọ́dún yìí. Àwọn tí ilé wọn ò lówó ni àwọn kọ́kọ́ fún." Ohùn rẹ̀ di ti ẹni tó wà nínú kànga. "Wọ́n ní nígbà tí a ti ní ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà, àwọn gbà pé a ó lè gbé owó ọdún àkọ́kọ́ fúnra wa."

"Ṣẹ́ẹ̀tì mélòó ni ọdún kan?" bàbá rẹ̀ béèrè wẹ́rẹ́.

Oníṣirò da ojú fóònù rẹ̀ dé sórí tábìlì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò fẹ́ ro ó. Ṣẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ̀ yóò lọ̀ títí yóò fi kú, tí yóò jí, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀, kò lè tó o.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá a jà nígbà tó ròyìn fún un. Bí ó bá tilẹ̀ bá a jà, ìbá sàn díẹ̀ fún un. Ó kàn gbé ìwé kúrò lórí àga kan fún un ni. "Kọ òótọ́ sí wọn," ó wí. "Ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù. Síbẹ̀, kọ ọ́."

Nígbà tó délé tó sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ní, "Orúkọ mi ni kí o fi kọ ọ́. Èmi ni mo bí òṣìṣẹ́ mẹ́fà náà." Ó dìde dúró bí ẹni wà níwájú àwọn àgbà, ó ń sọ, ọmọ ń kọ: "Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo kí yín. Alágbàfọ̀ ni mí. Èmi àti ìyàwó mi là ń fọ̀ ọ́. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan. Yàrá méjì la ní. A ti ta ẹ̀rọ wa nítorí ọmọ yìí. Ojú ló ń tì mí tí mo fi sọ ohun tí mo sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú tèmi wo ọmọ mi." Ẹni tí kò tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò rí ni o!

Oníṣirò kọ gbogbo rẹ̀. Ó wá fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀: "Bàbá mi kọ́ ló kọ irọ́ náà. Èmi ni mo kọ ọ́, ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ á ti máa dúró dè é bó ṣe ń ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni dé. "Wọ́n ti fèsì?"

"Wọn ò tíì fèsì, Bàbá."

"Wọ́n ń gbìmọ̀ lórí ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti ń pẹ́ báyìí, oore ni wọ́n fẹ́ ṣe."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni èsì náà wọlé sórí fóònù rẹ̀, bó ṣe ń kọ ìṣirò sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Kò gùn. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ fún òtítọ́ tí ìdílé náà sọ. Wọ́n ní ìtàn méjì ti wà nínú ìwé kan ṣoṣo, àwọn kò sì lè mọ èyí tí àwọn yóò dúró lé. Wọ́n ti fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n tún ti fi tó àpò ìrànwọ́ létí. Àwọn yẹn kì í gba fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti kọ irọ́ sí i.

Ó parí ìṣirò tó ń kọ. Ó pa pátákó rẹ́. Ó rìn wálé.

Bàbá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìrètí ti sọ ojú rẹ̀ di ojú ọmọdé. "Wọ́n ti fèsì?"

Ẹ ò mọ bí irọ́ ṣe ń dùn tó lẹ́nu nígbà tí ẹni tí a fẹ́ pa á fún bá jẹ́ ẹni tí a fẹ́ràn. "Wọn ò tíì fèsì" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, bàbá yóò jẹun alẹ́, yóò sùn. Lọ́la ńkọ́? Yóò tún sọ ọ́. Lọ́túnla ńkọ́? Òṣìṣẹ́ kan yóò di méjì, méjì yóò di mẹ́fà.

"Wọ́n ti fèsì, Bàbá," ó wí. "Wọ́n ní rárá."

Ọkùnrin náà di ẹnu ọ̀nà mú. "Rárá pátápátá?"

"Pátápátá. Wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Àpò ìrànwọ́ náà ti tìlẹ̀kùn mọ́ mi títí láé."

"Kò wá sí ibòmíràn tí a lè yà sí?"

"Kò sí owó tí a ó fi yà síbẹ̀, Bàbá. N kò fẹ́ tàn yín."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àwọn èèyàn ń kọjá. Ọ̀kan nínú wọn kí i, ó ní ṣé dáadáa ni. Bàbá alágbàfọ̀ gbójú sókè wò ó. "Kò dáa, ọ̀rẹ́ mi," ó wí. "Lónìí yìí, kò dáa rárá." Ẹni náà dúró, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Màmá ẹ ńkọ́?" bàbá béèrè. "Ta ni yóò sọ fún un?"

"Èmi ni," Oníṣirò wí, ó sì gba inú ilé kọjá lọ síbi tí ìyá rẹ̀ ti ń fọṣọ.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ibi tí mo ti lè fi adùn sí i fún yín. Ọmọ Báńkì wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ. Oníṣirò ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ìyá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ fọ ohun tí ẹ̀rọ ń fọ̀ tẹ́lẹ̀. Àìní kò bà wọ́n jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n dà bo àìní náà, níwájú ẹni tó mú owó dání wá wò ó, òun ló sé ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́, ẹ fi ibi tó ń dùn yín hàn wọ́n, kí ẹ má wo ẹnu ẹlẹ́gbẹ́ tó ń fi yín ṣẹ̀sín. Irọ́ tó bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, àmọ́ òtítọ́ tó bá pẹ́ kó tó dé, ó lè má bá oúnjẹ nílé mọ́. Ti Oníṣirò pẹ́. Ẹ tètè sọ tiyín.